Bọ́tìnì WPF mi ò ṣí àfi tí mo bá fi máòsì tẹ ibì kan, ẹ bá mi dá sí i

Kóòdù_Bódìjà · Ọjọ́ Ajé, 9:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́. Ọjọ́ kẹta rèé tí mo ti ń bá nǹkan kan ṣoṣo yìí fà á, orí mi ti ń gbóná. Mò ń kọ áàpù kan fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan níbí n'Íbàdàn, C# ni, WPF (ohun èlò Microsoft tí wọ́n fi ń kọ áàpù Windows) lórí .NET 8. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé akọ̀wé á tẹ nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́, áàpù á lọ gbé àkọsílẹ̀ onítọ̀hún wá látinú database, iye tó ti dá, iye tó yá, iye tó kù tó máa san. Tí gbogbo ẹ̀ bá ti dé ni kí bọ́tìnì Fi Pamọ́ àti Fọwọ́ Sí Ẹ̀yáwó ṣí, kó tó dé kí méjèèjì wà ní títì.

Wàhálà ibẹ̀ wá ni pé àkọsílẹ̀ ti dé o, mo rí orúkọ, mo rí owó lójú síkírìnì, bọ́tìnì ṣì dúró bẹ́ẹ̀, ó rí bí eérú, kò ṣeé tẹ̀. Àmọ́ tí mo bá ti fi máòsì tẹ ibikíbi lára wíńdò yẹn, kódà ibi tó ṣófo tí ò sí nǹkankan, kíá ló máa ṣí. Mo fi breakpoint (àmì tó ń dá kóòdù dúró kí n lè wò ó) sínú CanExecute, ìyẹn method tó ń sọ bóyá bọ́tìnì lè ṣiṣẹ́, true ló ń dá padà! CanExecuteChanged mi, ìyẹn ìkéde pé ìdáhùn yẹn ti lè yí padà, CommandManager.RequerySuggested ti WPF fúnra ẹ̀ ni mo so ó mọ́ bí mo ṣe rí i tí gbogbo èèyàn ń ṣe. Màmá akọ̀wé ti pè mí lẹ́ẹ̀mejì lónìí pé ẹ̀rọ àwọn ti gan. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mi ò rí?

Àgbà_C_Plus · Ọjọ́ Ajé, 9:40 alẹ́

Àbúrò, pẹ̀lẹ́. Kóòdù ẹ ò burú tó bó o ṣe rò, ohun tó ò ń retí lọ́wọ́ RequerySuggested ni kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀. Kò mọ ìgbà tí data ẹ dé, kò sì sí bó ṣe máa mọ̀. Ohun tó ń ṣọ́ ò ju kí èèyàn tẹ kíbọ́ọ̀dù kó gbọ́wọ́ kúrò, kó tẹ máòsì kó gbọ́wọ́ kúrò, tàbí kí focus (ibi tí kíbọ́ọ̀dù ń bá sọ̀rọ̀) kúrò lórí nǹkan kan bọ́ sórí òmíì. Ìgbà tí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyẹn bá ṣẹlẹ̀ ni WPF á yíká lọ bi àwọn command (iṣẹ́ tí bọ́tìnì so mọ́) pé ṣé ẹ lè ṣiṣẹ́ báyìí. Ó dà bíi máígádì tó jẹ́ pé àfi kí wọ́n kan géètì kó tó wòta. Data ẹ gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, kò kan géètì. Ìgbà tó o wá fi máòsì tẹ ibi tó ṣófo, ìwọ lo kan géètì yẹn fún un.

Breakpoint yẹn náà ń tàn ẹ́ jẹ. Tí kóòdù bá ti dúró, Visual Studio á gba iwájú, tó o bá wá padà sínú áàpù ẹ, focus ti yí padà nìyẹn, WPF á tún béèrè, á di true. Ìdí rèé tí àṣìṣe yìí fi máa ń sá pamọ́ fún ẹni tó bá ń fi debugger wá a. Lo Debug.WriteLine dípò ẹ̀, ó kàn ń kọ ọ̀rọ̀ jáde láìdá áàpù dúró, wàá rí i pé lẹ́yìn tí data dé, kò sẹ́ni tó pe CanExecute rárá.

Ohun tó o máa ṣe báyìí: lẹ́yìn await (ibi tí kóòdù ti ń dúró de iṣẹ́ kan) tó gbé data wá, pe CommandManager.InvalidateRequerySuggested. Orí UI thread, ìyẹn thread tó ń bójú tó síkírìnì, ni kó o ti pè é o.

Kóòdù_Bódìjà · Ọjọ́ Ajé, 10:22 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, Ọlọ́run á bùkún yín! Ó ti ṣí. Inú Task.Run, tó ń gbé iṣẹ́ lọ sórí thread míì, ni mo kọ́kọ́ ti pè é, kò dáhùn, kò sì sọ error kankan, mo wá rántí ọ̀rọ̀ UI thread tẹ́ ẹ sọ, mo gbé e bọ́ sísàlẹ̀ await, ojú ẹsẹ̀ ló ṣí.

Àmọ́ ẹ wo ibi tọ́rọ̀ wá já sí o. Ibi mọ́kànlá ni mo ti ní láti máa pè é báyìí, torí ibi mọ́kànlá ni data ti lè yí padà. Bọ́tìnì kẹta, Tẹ Rìsíìtì, ìyẹn ò tiẹ̀ ní command, inú code-behind (kóòdù tó wà lẹ́yìn wíńdò) ni mo ti ń kọ btnRisiiti.IsEnabled = true níbí, false lọ́hùn-ún. Ó ṣáà ń ṣiṣẹ́. Ṣé kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?

Ìyá_Ìbejì_Dev · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:05 àárọ̀

Má fi í sílẹ̀ o, mo bẹ̀ ẹ́. Jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí fún ẹ.

Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn mo kọ áàpù fún ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta oògùn. Bọ́tìnì kan wà ńbẹ̀ tó ń jẹ́ Dá Owó Padà. Ibi mẹ́sàn-án ni mo ti kọ IsEnabled fún bọ́tìnì kan yẹn, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa bíi tìẹ yìí gan-an. Nígbà tó yá wọ́n ní kí n fi kún un pé tí wọ́n bá ti dá owó rìsíìtì kan padà lẹ́ẹ̀kan, kí bọ́tìnì má ṣí mọ́ fún rìsíìtì yẹn. Mo tún ibi mẹ́jọ ṣe. Mo gbàgbé ẹyọ kan, ìyẹn ibi tó jẹ́ pé èèyàn gba inú àbájáde search wọlé. Rìsíìtì kan ṣoṣo, owó jáde lẹ́ẹ̀mejì, ọmọbìnrin tó ń gbowó níbẹ̀ ni wọ́n sì di ẹ̀bi rù, wọ́n ti fẹ́ yọ ọ́ nínú owó oṣù ẹ̀. Èmi ni mo lọ síbẹ̀ lọ sọ fún wọn pé kóòdù mi ló ṣe é. Ojú ọmọ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi títí dòní.

Látìgbà yẹn mi ò sọ fún bọ́tìnì mọ́ pé ṣí tàbí tì. Ìbéèrè kan ló wà, pé ṣé iṣẹ́ yìí ṣeé ṣe báyìí, ibì kan ṣoṣo sì ni ìdáhùn ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà, lára command fúnra ẹ̀. Tí òfin bá yí padà lọ́la, ìlà kan ni wàá tún ṣe.

Ti ibi mọ́kànlá yẹn, lo CommunityToolkit.Mvvm, àkójọ kóòdù tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ fún irú iṣẹ́ yìí. Wàá kọ ọ́ sára command pé CanSave ni kó máa bi, wàá wá fi NotifyCanExecuteChangedFor sára property kọ̀ọ̀kan tí ọ̀rọ̀ náà kàn, fún àpẹẹrẹ Member àti Balance. Tí Member bá ti yí padà, àwọn ni wọ́n máa kéde fún bọ́tìnì, kì í ṣe ìwọ. Àmọ́ kó o mọ̀ o, RelayCommand tiwọn, ìyẹn command tí toolkit yẹn ń lò, ò gbọ́ ti CommandManager rárá, kò sí pé mo tẹ máòsì ó ṣí. Property tó o bá gbàgbé láti kọ ọ́ sí, bọ́tìnì ò ní ṣí láéláé. Èmi fẹ́ràn ẹ̀ bẹ́ẹ̀ torí àṣìṣe á hàn lọ́jọ́ tó o kọ ọ́, kò ní dúró dìgbà tí màmá akọ̀wé bá pè.

Ṣọ́ọ̀bù_Kékeré · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:48 àárọ̀

Àǹtí, mo gbọ́ yín, ó dùn mí fún ọmọ yẹn. Àmọ́ áàpù tí bọ́tìnì ẹ̀ ò ju mẹ́ta lọ, ṣé ó yẹ kéèyàn tún lọ gbé gbogbo MVVM yẹn (ọ̀nà tí wọ́n fi ń ya òfin áàpù kúrò lára síkírìnì) rù? Èmi ń lo IsEnabled lásán, mo ń kọ ọ́ sínú method kan ṣoṣo tí mo pè ní TunBotiniWo, mo ń pe method yẹn níbi gbogbo. Ìbéèrè wà lójú kan náà, abí? Mi ò rí nǹkan tí command wá fi kún un.

Àgbà_C_Plus · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:30 àárọ̀

Ọ̀nà tìẹ yẹn dáa ju ibi mẹ́sàn-án lọ, mi ò lè jiyàn. Àmọ́ bọ́tìnì nìkan lo tì. Iṣẹ́ yẹn fúnra ẹ̀ ńkọ́? Ohun tó wà nínú mẹ́nù ńkọ́, èyí tó wà lórí toolbar ńkọ́, shortcut tó wà lórí kíbọ́ọ̀dù ńkọ́? Kóòdù_Bódìjà, ṣé o ní Ctrl+P nínú áàpù ẹ? Tó bá wà, ṣí áàpù náà, má tẹ nọ́ńbà ẹnikẹ́ni, jẹ́ kí bọ́tìnì rìsíìtì wà ní eérú, kó o wá tẹ Ctrl+P.

Kóòdù_Bódìjà · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:51 àárọ̀

Ye! Ẹ̀gbọ́n, ó tẹ̀ ẹ́ jáde o. Rìsíìtì jáde látinú pírìńtà. Orúkọ ẹgbẹ́ wà lókè, déètì òní wà ńbẹ̀, ibi orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ ṣófo, ibi owó ₦0.00, ìlà ìbuwọ́lùwé akápò wà nísàlẹ̀ kedere. Bọ́tìnì sì wà ní eérú lójú mi bí ìwé yẹn ṣe ń jáde. Inú KeyDown wíńdò ni mo ti ń pe method ìtẹ̀wé tààrà. Tí ẹnì kan bá rí irú ìwé yìí mú, tó fi báírò kọ orúkọ àti owó sí i, wọ́n á ní ẹgbẹ́ ló fún un.

Àgbà_C_Plus · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:20 àárọ̀

Ohun tí mo fẹ́ kó o rí gan-an nìyẹn. Tó o bá so Ctrl+P mọ́ command náà nípasẹ̀ KeyBinding nínú InputBindings, òun náà á kọ́kọ́ bi CanExecute kó tó ṣe ohunkóhun. Bọ́tìnì, mẹ́nù, shortcut, gbogbo wọn á jọ ṣí, wọ́n á jọ tì.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ ju WPF lọ, torí 2006 ni WPF dé pẹ̀lú .NET 3.0. MFC, ohun èlò Microsoft fún C++ tí èmi fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tó ti wà láti 1992, ní ON_UPDATE_COMMAND_UI. Wàá kọ function kan fún command kọ̀ọ̀kan, MFC á gbé CCmdUI lé e lọ́wọ́, ìwọ á pe Enable pẹ̀lú TRUE tàbí FALSE, o ò ní mọ̀ bóyá mẹ́nù ni tàbí bọ́tìnì toolbar, kò sì kàn ẹ́. Ti mẹ́nù, ìgbà tí mẹ́nù bá fẹ́ ṣí sílẹ̀ ló máa béèrè. Ti toolbar, ìgbà tí áàpù ò bá rí iṣẹ́ ṣe, ìyẹn nínú OnIdle. Mẹ́nù tó ò kọ iṣẹ́ kankan fún, ó máa tì í fúnra ẹ̀. Delphi náà ní TAction tó ní OnUpdate, ìlànà kan náà ni. Lórí Mac, AppKit (ohun èlò Apple fún áàpù) á pe validateMenuItem kó tó fi mẹ́nù hàn ẹ́.

Àwọn yẹn, wọ́n máa ń wá bi ẹ́ ni. Swing (ti Java) àti Qt (ti C++) ò bi ẹ́, ìwọ lo máa sọ fún wọn: wàá pe setEnabled lára Action tàbí QAction, gbogbo bọ́tìnì àti mẹ́nù tó bá so mọ́ ọn á gbọ́. Àwọn tó ń wá béèrè, o ò ní gbàgbé láti sọ fún wọn, àmọ́ wọ́n ń béèrè lemọ́lemọ́. Mo rí ẹnì kan rí níbi iṣẹ́ tó lọ kọ query database sínú irú function yẹn. Tó o bá ti gbé máòsì, áàpù á dúró sójú kan, á tún gbéra, á tún dúró. A wá a fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. CanExecute náà rèé o, má ṣe jẹ́ kó lọ síbì kankan, nǹkan tó wà nílẹ̀ nínú mẹ́mórì ni kó wò kó dáhùn.

Ṣọ́ọ̀bù_Kékeré · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:33 àárọ̀

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wo tèmi. F5 tèmi náà ń ṣiṣẹ́ nígbà tí bọ́tìnì ẹ̀ wà ní títì. Ẹ ṣé o. Mo ń bọ̀, mo fẹ́ lọ tún un ṣe.

Wẹ́ẹ̀bù_Lékki · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:10 ọ̀sán

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ò mọ WPF, wẹ́ẹ̀bù ni mò ń ṣe, àmọ́ nǹkan méjì wà tí mo fẹ́ fi kún un torí ọ̀rọ̀ owó lẹ̀ ń sọ.

Àkọ́kọ́, bọ́tìnì tó wà ní títì kì í ṣe ààbò. Nínú browser ẹnikẹ́ni ló lè ṣí developer tools, kó pa disabled rẹ́ lára bọ́tìnì, kó tẹ̀ ẹ́. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ò pé. Tí server ò bá tún béèrè ìbéèrè yẹn fúnra ẹ̀, ẹ̀yáwó ti jáde nìyẹn. Mo rò pé lórí desktop náà ó yẹ kí ibi tó ń kọ ọ́ sí database tún wò ó, àbí?

Ìkejì, àwọn tó ń bọ̀ lórí wẹ́ẹ̀bù ẹ ṣọ́ra fún èyí: tẹ́ ẹ bá kọ disabled="false" sínú HTML, bọ́tìnì ṣì wà ní títì o! Wíwà tí ọ̀rọ̀ disabled wà lára ẹ̀ ló ń tì í, kò ka ohun tẹ́ ẹ kọ síwájú ẹ̀. Àfi kẹ́ ẹ yọ ọ́ kúrò pátápátá. Ó jẹ mí lóorun òru kan. Àti pé input tó bá wà ní disabled, ohun tó wà nínú ẹ̀ ò ní bá fọ́ọ̀mù lọ sí server.

Ìyá_Ìbejì_Dev · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:44 ọ̀sán

Òótọ́ pọ́ńbélé ni. WPF náà bẹ́ẹ̀ ni, tí kóòdù míì bá pe Execute tààrà lára RelayCommand, kò sẹ́ni tó máa bi CanExecute. Torí náà method tó ń fọwọ́ sí ẹ̀yáwó gbọ́dọ̀ tún un yẹ̀ wò fúnra ẹ̀ kó tó kọ nǹkankan.

Kóòdù_Bódìjà, mo fẹ́ bi ẹ́: tí akọ̀wé bá tẹ Fọwọ́ Sí Ẹ̀yáwó lẹ́ẹ̀mejì wàràwàrà ńkọ́? Àwọn màmá wa máa ń tẹ bọ́tìnì lẹ́ẹ̀mejì bí wọ́n ṣe ń tẹ áíkọ́ọ̀nù.

Kóòdù_Bódìjà · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:30 ọ̀sán

Àǹtí, mo dán an wò. Ẹ̀yáwó méjì ló wọlé, ₦50,000 lọ́nà méjì fún ẹnì kan ṣoṣo. Orí data ìdánwò ni, a dúpẹ́. Mo ń tì í ní ìbẹ̀rẹ̀ method mo sì ń ṣí i ní ìparí, àmọ́ lẹ́yìn await àkọ́kọ́ ni mo lọ kọ títì yẹn sí, àyè ti wà fún kíkejì láti wọlé. Ohun tó tún wá ṣẹlẹ̀ ni pé nígbà tí mo yọ wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì, error ṣẹlẹ̀ láàárín, ìlà tó yẹ kó ṣí i padà ò ṣiṣẹ́, bọ́tìnì wà ní eérú títí mo fi pa áàpù.

Ìyá_Ìbejì_Dev · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:52 ọ̀sán

AsyncRelayCommand ni kó o lò fún ìyẹn. Bí iṣẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, CanExecute ẹ̀ á di false fúnra ẹ̀, torí kì í gbà kí iṣẹ́ kan náà máa ṣe lẹ́ẹ̀mejì pọ̀ àfi tó o bá ní kó gbà. Ì báà parí ire, ì báà já sí error, á padà ṣí. Tó bá jẹ́ pé ọwọ́ ara ẹ lo máa fi ṣe é, títì gbọ́dọ̀ ṣáájú await èyíkéyìí, ṣíṣí gbọ́dọ̀ wà nínú finally. Kó o sì fi unique (òfin pé nọ́ńbà kan ò lè wọlé lẹ́ẹ̀mejì) sí nọ́ńbà ìbéèrè ẹ̀yáwó nínú database, kó jẹ́ pé kódà tí gbogbo èyí tó wà lókè bá já, database máa kọ̀ ọ́.

Ọmọ_Yorùbá_Lọ́ńdọ̀nù · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:15 alẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mo ti ka gbogbo ẹ̀ látòkè, ọ̀rọ̀ ẹni tó ń lò ó gan-an ló kù. Màmá akọ̀wé pe ẹ́ pé ẹ̀rọ ti gan. Tí bug yẹn bá lọ, ó ṣì máa pè ẹ́ lọ́jọ́ tí bọ́tìnì bá wà ní títì lọ́nà ẹ̀tọ́, torí eérú ò sọ ìdí. Ó lè jẹ́ pé nọ́ńbà ni kò tíì tẹ̀, ó lè jẹ́ pé ọmọ ẹgbẹ́ ṣì jẹ gbèsè, ojú kan náà ni gbogbo ẹ̀.

Mo ní ẹnì kan níbi iṣẹ́ mi níbí tí ojú ẹ̀ ò ríran, NVDA ló ń ka síkírìnì fún un. Mo jókòó tì í lọ́jọ́ kan tó ń lo fọ́ọ̀mù tí èmi kọ. Ó ń tẹ Tab, ó ń tẹ Tab, ó ń wá bọ́tìnì ìfiránṣẹ́, Tab fò ó kọjá torí ó wà ní disabled, ó yí fọ́ọ̀mù yẹn ká lẹ́ẹ̀mẹta, ó wá bi mí pé ṣé mi ò fi bọ́tìnì sí i ni. Nọ́ńbà fóònù kan ṣoṣo ni kò kọ pé. Bó ṣe bi mí jẹ́ẹ́jẹ́ yẹn ló jẹ́ kó wọ̀ mí lára. Lórí wẹ́ẹ̀bù, aria-disabled="true" ni mo ń lò fún irú ẹ̀ báyìí: Tab á dé ibẹ̀, NVDA á sọ pé kò tíì ṣeé lò, mo sì fi aria-describedby so ìdí mọ́ ọn. Àmọ́ aria-disabled ò dí click lọ́wọ́ o, ìwọ lo máa kọ kóòdù tó máa dá a dúró.

Ní WPF, tooltip (ọ̀rọ̀ kékeré tó ń hàn tí máòsì bá dúró lórí nǹkan) kì í jáde lórí bọ́tìnì tó wà ní títì, àfi tó o bá fi ToolTipService.ShowOnDisabled sí True. Èyí tó tún dáa jù ni kó o kọ ọ̀rọ̀ kan sábẹ́ bọ́tìnì tí kò nílò máòsì rárá.

Ṣọ́ọ̀bù_Kékeré · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:40 alẹ́

Kí ló dé tẹ́ ẹ ò kàn gbé bọ́tìnì kúrò lójú pátápátá tí kò bá tíì ṣeé lò?

Ìyá_Ìbejì_Dev · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:02 alẹ́

Torí wọ́n á pè ẹ́ pé bọ́tìnì ti sọnù. Ohun tó wà lánàá tí ò sí lónìí máa ń dẹ́rù bani. Tèmi ni pé: ohun tó máa ṣí láìpẹ́, tì í kó o sọ ìdí. Ohun tí ẹni yẹn ò ní ẹ̀tọ́ sí láéláé, gbé e kúrò. Tó bá jẹ́ akápò nìkan ló ń fọwọ́ sí ẹ̀yáwó, kí ni akọ̀wé fẹ́ fi bọ́tìnì yẹn ṣe?

Ọmọ_Yorùbá_Lọ́ńdọ̀nù · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:25 alẹ́

Mo gba ti àkọ́kọ́, ti ìkejì ni mi ò gbà tán. Akọ̀wé ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń bá pàdé. Tó bá rí bọ́tìnì yẹn ní títì tí wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé "Akápò ló ń fọwọ́ sí èyí", ó mọ ẹni tó máa darí wọn sí. Tó ò bá fi hàn án rárá, á ní áàpù ò lè ṣe é.

Ìyá_Ìbejì_Dev · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:31 alẹ́

Hmm. Nínú ọ́fíìsì kékeré, ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀. Níbi tí iṣẹ́ bá ti pọ̀ tó ogójì, eérú á bo síkírìnì. Mi ò tíì kúrò nídìí tèmi.

Kóòdù_Bódìjà · Ọjọ́ Ẹtì, 5:18 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo padà wá jábọ̀. Ibi mọ́kànlá yẹn ti lọ, IsEnabled kankan ò sí nínú code-behind mi mọ́. Command mẹ́ta, ìbéèrè mẹ́ta, ìlà kan tàbí méjì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fọwọ́ Sí Ẹ̀yáwó ti di AsyncRelayCommand, database náà ní unique ẹ̀. Mo rí i pé CanApprove mi, ìyẹn ìbéèrè ti Fọwọ́ Sí Ẹ̀yáwó, ń lọ wo gbèsè nínú database nígbà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá bi í, bí ẹ̀gbọ́n ṣe kìlọ̀ gẹ́lẹ́, mo gbé e jáde, ẹ̀ẹ̀kan péré la ń wò ó nígbà tí àkọsílẹ̀ bá ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ abẹ́ bọ́tìnì yẹn, method kan náà tó ń dáhùn CanApprove ló ń sọ ìdí báyìí, kí méjèèjì má baà máa tako ara wọn. Tí ìdí bá ṣófo, bọ́tìnì ṣí. Ti akápò, ọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù ni mo gbà, àǹtí ẹ má bínú, ọ́fíìsì ènìyàn mẹ́ta ni.

Mo jókòó ti màmá akọ̀wé lọ́sàn-án yìí. Wọ́n tẹ nọ́ńbà, wọ́n wo bọ́tìnì, wọ́n ka ìsàlẹ̀ ẹ̀ sókè pé "Ẹ̀yáwó àtijọ́ ṣì ku ₦12,500", wọ́n kọjú sí bàbá tó dúró níwájú wọn, wọ́n ní bàbá, ẹ lọ san ti tẹ́lẹ̀ ná. Wọn ò pè mí wá wò ó. Kí n tó kúrò níbẹ̀ mo pa áàpù, mo tún un ṣí, mi ò tẹ nọ́ńbà ẹnikẹ́ni, mo tẹ Ctrl+P. Pírìńtà ò mira.